Orúkọ Tí Wọ́n Ní Kó Má Fi Dánra Wò

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Nokwakha fi gbé nínú agboolé àwọn Bhele, kò sì fìgbà kan pe òjò ní òjò. Omi òkè ló ń pè é. Bí ojú ọ̀run bá ṣú lápá òkun, tí atẹ́gùn ń gbé eruku, á ké sí ọmọ rẹ̀ pé, "Khuselwa, sáré lọ ká aṣọ, omi òkè ń bọ̀!" Àwọn ọmọ aládùúgbò á máa sín in jẹ, wọ́n á máa pariwo "omi òkè, omi òkè" káàkiri ọgbà. Kò bá wọn wí rí. Mvulane ni bàbá ọkọ rẹ̀ ń jẹ́, inú orúkọ òjò ni wọ́n sì ti yọ orúkọ náà ní èdè wọn, torí ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n bí i. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ bàbá ọkọ, kì í sì í pe ohunkóhun tó bá bá orúkọ náà tan.

Lónìí ńkọ́? Ẹ wọ takisí kan ní ìlú Gatyana kí ẹ gbọ́ bí àwọn ìyàwó ṣe ń pe bàbá ọkọ wọn lórí fóònù bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wọlé. Wọ́n ní ojú ló là. Ó dáa, kó máa là. Àmọ́ ẹni tó bá mọ Nokwakha àti bàbá ọkọ rẹ̀ nígbà náà kò lè ṣe kí àárò ayé yẹn má sọ ọ́, torí irú ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ṣọ̀wọ́n báyìí.

Kì í ṣe Nokwakha ni wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀. Phumeza ni. Ọjọ́ tí wọ́n mú un dé ilé ọkọ, wọ́n fi kúbùsù bo èjìká rẹ̀, wọ́n fa gèlè bò ó lójú, wọ́n ní kó jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ilé roboto náà kún fún àwọn obìnrin tó ń wò ó fínnífínní. Bàbá ọkọ rẹ̀ wọlé, ó fi páìpù há ẹnu, ó wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan, torí ọwọ́ nìkan ló hàn.

"Ẹ wo ọwọ́ ọmọ Mpinga yìí," ni ó wí. "Ọwọ́ tó ń kọ́lé nìyí. Nokwakha ni yóò máa jẹ́."

Bó ṣe di Nokwakha, ẹni tó ń kọ́lé, nìyẹn. Orúkọ tí bàbá yẹn fún un ni gbogbo ayé fi ń pè é títí dòní, òun kò sì lè pe ti bàbá. Bí bàbá bá fẹ́ pè é, MaMpinga ló ń sọ, orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí i. Òun a dá a lóhùn pé "Tata", ìyẹn bàbá, á sì wolẹ̀.

Aláwàdà paraku ni bàbá náà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"MaMpinga, kí ló ń rọ̀ níta yìí?"

"Omi òkè ni, Tata."

"Omi òkè? Ta ló gun òkè lọ da omi nù?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Tata. Ó ní láti jẹ́ ẹnìkan tó ga."

Bàbá á rẹ́rìn-ín títí páìpù á fi kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá ọkọ ti kú kó tó wọlé, nítorí náà òun àti bàbá yìí ni wọ́n jọ ń gbé ilé náà ró nígbà tí Sindile, ọkọ rẹ̀, bá lọ sí ibi ìwakùsà góòlù. Lọ́dọọdún, Sindile á wálé lẹ́ẹ̀kan nígbà Kérésìmesì, á ra bàtà, á ra rédíò, á tún lọ.

Lọ́dún kan, òkú rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n wá gbé. Ọjọ́ ìsinmi ni mọ́tò kọ lù ú lójú títì, kì í ṣe nínú kòtò góòlù, àwọn tó gbà á síṣẹ́ sì sọ pé kò kan àwọn. Ọ̀nà jìn, ó ju ìrìn ọ̀sán àti òru kan lọ. Ilé náà kò ní adójútòfò kankan, kò ní ẹgbẹ́ ìsìnkú, kò ní nǹkan kan àfi àwọn màlúù inú ọgbà. Bàbá ní akọ màlúù pupa kan tó ń jẹ́ Falteyini, òun ló ń ṣáájú nínú àjàgà, bàbá a máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tà á, ó ta èkejì rẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo owó náà wọ inú ọkọ̀ tó gbé òkú wálé. Pósí tí wọ́n rà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò sí ẹran láti pa, kábéèjì àti àgbàdo lílù ni àwọn tó wá sìnkú jẹ, wọ́n sì tètè lọ. Fún ọjọ́ púpọ̀, bàbá jókòó nínú ọgbà màlúù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà, òjò rọ̀ pàápàá, kò wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyẹn ló dun Nokwakha jù. Ó gbé Khuselwa tó ṣì kéré sẹ́yìn, ó sì bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé òun kò ní jẹ́ kí wọ́n sin bàbá yìí bẹ́ẹ̀ láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta lòun ó máa fọ́.

Kò fọ́ òkúta, wọ́n gbà á síbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé. Bí owó oṣù ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń ta adójútòfò.

Ọjọ́ tí ìjọba bá ń san owó fún àwọn arúgbó nínú ọgbà iléèwé ni wọ́n máa ń wá. Ọjọ́ náà a máa dùn! Àwọn oníkúbùsù, àwọn ọlọ́sàn, àwọn tó ń ta adìyẹ láàyè, àti àwọn tó ń ta ikú lórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn. Bàbá kò fẹ́ rí irú wọn sójú. Ọ̀kan dé agboolé rẹ̀ rí, bàbá sì fi ọ̀pá lé e débi odò.

"Ṣé mo sọ fún ọ pé mò ń wá ibojì ni? Ojú mi ni mo fi ń rí ọ yìí o, ojú òkú kọ́!"

Nítorí náà Nokwakha dúró dìgbà tí bàbá wọ inú kíláàsì lọ tò fún owó rẹ̀, ó wá yọ́ lọ síbi àwọn tábìlì. Kò yá a lára láti yàn. Obìnrin kan láti Mthatha, oníbàtà gogoro, ní òun á san owó rẹpẹtẹ, owó tí Khuselwa á fi kàwé débi tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò, ẹni tó bá ti darúgbó kò sì sí nínú ẹ̀. Nofikile, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, fà á lápá.

"Kí lo ń wá lọ́dọ̀ oníbàtà? Ẹgbẹ́ wa ń gbé ìkòkò, ń gbé igi, ń gbé ìyẹ̀fun. A ó kọrin fún ọ dọ́jọ́ mọ́jú. Ṣé ìyẹn kò tó?"

"Mo wà nínú ẹgbẹ́, Nofikile, mi ò sì ní jáde. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ lè fi ìkòkò lọ gbé òkú wá láti ọ̀nà jíjìn?"

Nofikile yọ ṣùtì sí i.

Tábìlì kẹta ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Loyiso, láti ilé ìsìnkú kan nínú ìlú. Ó ní owó kan ṣoṣo lóṣooṣù fún gbogbo ilé, kò sì wọ́n. Pósí wà níbẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, bí Nokwakha fúnra rẹ̀ bá sì kú, wọ́n á máa fún ọmọ rẹ̀ lówó iléèwé títí yóò fi parí. Bí èèyàn kò bá rí owó oṣù kan san, á san méjì lóṣù tó tẹ̀lé e, wọn kò ní tìtorí ìyẹn lé e. Nokwakha gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá béèrè èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Bí ẹni náà bá kú sí ọ̀nà jíjìn ńkọ́?"

"Ibi yòówù kó jẹ́, Mama. Kódà kó jẹ́ Cape Town."

"Ẹ̀ẹ́ gbé e wálé?"

"A ó gbé e wálé."

"Láìta màlúù?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. "Ẹ jẹ́ kí màlúù yín máa jẹko, Mama."

Bí ó ti gbọ́ ìyẹn ló jókòó. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ Khuselwa. Loyiso béèrè bóyá ó ku ẹnìkan, ó ní bàbá ọkọ òun.

"Kí lorúkọ wọn?"

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó ṣòro. Nokwakha wo Nofikile. Ìyàwó agboolé Bhele ni Nofikile náà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo ọ̀run. Ó wo obìnrin tó wà lẹ́yìn Nofikile, ìyàwó Bhele ni. Èyí tó tẹ̀lé e, ìyàwó Bhele. Gbogbo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó lè pe orúkọ bàbá yẹn, àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọdé tí wọ́n lè bá wọn pè é sì wà nínú àwọn kíláàsì. Kò kúkú lè lọ pe bàbá fúnra rẹ̀ wá, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bhele ni," ni Nokwakha sọ.

"Mama, orúkọ ìran nìyẹn. Ìdajì àwọn èèyàn ibí yìí ni Bhele. Tiwọn gan-an ni mò ń béèrè."

"Kọ ọ́ pé bàbá tó bí Sindile. Gbogbo ilẹ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀."

"Kò sáyè gbólóhùn níbí, Mama. Orúkọ ẹyọ kan ni. Ìlà sì gùn lẹ́yìn yín."

Nokwakha rò ó wò. Ní ilẹ̀ yẹn, orúkọ ọmọ la fi ń mọ àgbà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń wí bí wọ́n bá ti dárúkọ Sindile. Ó ní bí gbogbo èèyàn bá mọ̀ ọ́n, owó náà á mọ̀ ọ́n. "Kọ Sindile," ni ó wí. Loyiso kọ Sindile, ó fi Ntshinga tí wọ́n ń jẹ́ lórí ìwé tẹ̀ lé e, ó béèrè ọjọ́ orí, Nokwakha ní ó ti tó àádọ́rin, ó kọ ìyẹn náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, kò sì sí ẹni tó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Nokwakha gbé e sísàlẹ̀ àpótí, ó kó aṣọ ìjọ lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àìmọye ọdún ni kò ti sùn bó ṣe sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àṣé ó ń san owó fún ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀.

Khuselwa ló rí i, ọdún kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tó ń wá ìwé ìbí rẹ̀ fún iléèwé ńlá. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ó ń kà, ó gbójú sókè.

"Mama, ṣé bàbá mi ti jíǹde ni?"

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?"

"Wọ́n ní Sindile Ntshinga, ẹni àádọ́rin ọdún. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ ni bàbá mi àti ẹni tó bí i."

Nokwakha kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òtútù ọdún yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bàbá ní ikọ́, ikọ́ tó jinlẹ̀ láyà. Màlúù kan ṣoṣo ló kù nínú ọgbà. Bí bàbá bá kú lọ́la, àwọn adójútòfò á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n á sì tún ta ẹran gbé pósí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wálé, wọ́n á tún se kábéèjì. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èyí kì í sì í ṣe ekòló.

Khuselwa lè pe orúkọ bàbá àgbà rẹ̀, ọmọ inú ilé ni. Ṣùgbọ́n wọn kò lè yí ìwé padà láìmú bàbá dání. Bàbá gbọ́dọ̀ gbọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ dúró létí ọgbà màlúù. Ìyàwó kì í wọ ibẹ̀, nítorí náà ó dúró síta, bàbá wà nínú lọ́hùn-ún pẹ̀lú màlúù rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Tata."

"MaMpinga. Kí ló dé tí ojú rẹ wálẹ̀ ju tàná lọ? Ṣé o sọ nǹkan nù sílẹ̀ ni?"

Ó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè, bó ṣe yọ́ lọ, bó ṣe yàn, bí gbogbo ìyàwó Bhele ṣe ń wo ọ̀run. Bàbá yọ páìpù kúrò lẹ́nu.

"O ra ikú mi."

"Mi ò ra ikú yín, Tata. Mo ra bí wọn ò ṣe ní fi yín ṣẹ̀sín ni."

"Orúkọ ta ni o ní kí wọ́n kọ?"

"Ti bàbá Khuselwa."

Bàbá di igi ọgbà mú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gidi, tí ikọ́ fi dá sí i. "Ọdún mẹ́rin! MaMpinga, ọdún mẹ́rin lo ti ń sin Sindile!" Ó ń fi ọwọ́ lu igi. Nígbà tó yá ẹ̀rín náà tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ojú náà kò sì gbẹ.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ọmọ yẹn, a kò sin ín dáadáa."

"Ẹ ta Falteyini fún un, Tata."

"Mọ́tò ni mo ta Falteyini fún. Sindile kò jẹ níbẹ̀." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀. "Lọ múra. A ń lọ sílùú."

Nínú ọ́fíìsì ilé ìsìnkú náà, ọmọbìnrin kan jókòó sídìí ẹ̀rọ, èékánná rẹ̀ pupa fòò. Ó béèrè ẹni tó ni ìwé. Nokwakha ní òun ni. Ó ní kí Nokwakha pe orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò. Nokwakha ń wo ilẹ̀.

"Mama, orúkọ náà?"

Nokwakha ń wo ilẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Wọ́n ti ẹnu ìyàwó mi yìí ní àgádágodo, èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mvulane Ntshinga lèmi. Kọ ọ́ dáadáa o. Má tún kọ Sindile mọ́, ó ti gba tirẹ̀ tó."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ó ní ó ti wọlé, ṣùgbọ́n òní ni ìwé ti bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kú kó tó pé oṣù mẹ́fà, wọn kò ní san nǹkan kan.

"Ìyẹn ni pé bí mo bá kú lọ́la, ẹ kò mọ̀ mí rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Inú kò bí mi. Mi ò ní kú ni."

"Nǹkan kan tún kù," ni ọmọbìnrin náà wí, ó yíjú sí Nokwakha. "Lọ́jọ́ tọ́jọ́ bá pé, ẹ̀yin tí ẹ ni ìwé lẹ gbọ́dọ̀ wá fúnra yín, ẹ ó sì fẹnu ara yín pe orúkọ olóògbé níwájú wa. Òfin ibí nìyẹn. A kò lè gbà á lẹ́nu ọmọ."

Nínú pikọ́ọ̀pù tó gbé wọn padà, bàbá kò ṣe àwàdà kankan. Nokwakha mọ ohun tó ń rò, torí òun náà ń rò ó. Kí ni wọ́n fẹ́ fi adójútòfò ṣe, bí ẹnu ẹni tó ni ín kò bá lè ṣí?

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, bàbá ní kí àwọn àgbà Bhele wá. Ó ní kí wọ́n mú ewúrẹ́ funfun kan jáde, èyí tó lọ́ràá jù nínú agbo. Ó dúró lójú agbo, ó fi ọ̀pá tilẹ̀.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni ó wí. "Lọ́jọ́ tí obìnrin yìí dé, mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo fún un lórúkọ. Ọwọ́ náà kò dójú tì mí. Nokwakha, ewúrẹ́ yìí ni mo fi tú ẹnu rẹ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè orúkọ mi, tí n kò sí níbẹ̀ láti dáhùn, pè é. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ o."

Àwọn àgbà ní àwọn gbọ́. Nokwakha ti wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ti bò ó lójú, ó fẹ́ dúpẹ́. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó na ìka sí i.

"Ṣùgbọ́n má fi dánra wò o!"

Gbogbo agboolé bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà pàápàá.

Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti kú. Ẹ kò rí irú rẹ̀ rí. Ọkùnrin tó máa ń fi aṣọ péńpé da ẹran nínú òtútù wá ń wọ kóòtù méjì. Kò gun orí ilé mọ́. Bí wọ́n bá gbé umqombothi, ọtí àgbàdo wọn, wá, á fi ètè kàn án, á ní kí wọ́n gbé e lọ, pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ikọ́ bá gbé e lóru, á máa bá a jà pé, "Kò tíì yá! Kò tíì yá!" Láàárọ̀, á ké láti inú ilé rẹ̀ pé, "MaMpinga, oṣù mélòó ló kù?" Nokwakha á dá a lóhùn, ọkàn rẹ̀ á sì tún já, torí lójoojúmọ́ ló ń jí lọ gbọ́ bóyá bàbá ṣì ń mí kó tó dáná. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, bàbá ní kí wọ́n pọn ọtí. Ó mu agolo ńlá kan tán, ó ní, "Ó tán. Mo lè kú nígbàkígbà tó bá wù mí báyìí."

Kò wù ú. Ọdún márùn-ún gbáko ló tún lò. Ikọ́ náà sú, ó lọ. Khuselwa parí iléèwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọdún yẹn ni Nokwakha ń rántí jù lónìí, bó bá jókòó lẹ́bàá ògiri níbi tó ti ń yáàrùn. Owó kò pọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ti kúrò nínú ilé. Bí òjò bá ti lu páànù, bàbá á wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bíi ti àtijọ́.

"MaMpinga, kí ló ń rọ̀ níta yìí?"

"Omi òkè ni, Tata."

"Mo ti tú ọ sílẹ̀ o. Ewúrẹ́ ńkọ́? O jẹ ẹ́ tán!"

"Ẹ ní n má fi dánra wò, Tata."

Òpin ìgbà ẹ̀rùn ni bàbá sùn tí kò jí. Nokwakha lọ gbọ́ mímí rẹ̀ kó tó dáná, kò gbọ́ ọ.

Wọ́n sin ín bí ó ti yẹ ká sin àgbà. Ọkọ̀ ìsìnkú wá, pósí náà wúwo débi tí àwọn ọkùnrin ń pààrọ̀ èjìká, wọ́n pa akọ màlúù ńlá, ẹgbẹ́ Nofikile gbé ìkòkò dé, wọ́n kọrin mọ́jú. Kò sẹ́ni tó tètè lọ. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sindile, ẹ̀gbẹ́ ọgbà màlúù, màlúù bàbá sì wà nínú ọgbà tó ń jẹ àpọ̀jẹ, wọn kò tà á.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Nokwakha nípa bàbá ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ìsìnkú ló máa ń sọ. Ọ́fíìsì yẹn ló máa ń sọ, lọ́jọ́ kejì tí bàbá kú. Ọmọbìnrin eléèékánná pupa náà ló tún bá níbẹ̀. Khuselwa tẹ̀ lé e, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò gbọdọ̀ dá sí i.

"Orúkọ olóògbé, Mama?"

Ó wo ilẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Mvulane," ni ó wí.

Ohùn rẹ̀ kéré ju bó ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ ń kùn. Ọmọbìnrin náà tẹ etí sí i.

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa, Mama. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè."

"Mvulane Ntshinga."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó lu òǹtẹ̀ sórí ìwé, ó ní ó ti parí, ó ní Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Khuselwa dìde, ó di ìyá rẹ̀ lápá mú. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí Nokwakha tó dúró. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó yíjú sí ìta, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ra ọsàn tí takisí ń fọn fèrè, ó sì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kẹta, ketekete, bí ẹni ń pe èèyàn pé kó wá jẹun.